Ẹ Sọ fún Un Pé Ara Yín Ò Yá

Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́ ni Àrìnpé ti ń pariwo mọ́ gbogbo ohun tó wà nílé, títí kan ìkòkò. Bí ẹ̀rù bá ń bà á, ariwo ló máa ń pa. Ọkọ rẹ̀, Túbọ̀sún, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdí takisí dé, jókòó sídìí tábìlì, ó ń fẹ́ tíì rẹ̀, kò sì fèsì, nítorí ó mọ̀ pé ẹyọ èsì kan ni ìyàwó òun ń dúró dè tí ìjà gidi yóò fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni nọ́ọ̀sì ń bọ̀. Àjọ tó ń bójú tó ìtọ́jú aláìsàn nínú ilé ló rán an, pé kó wá wo Bàbá Akíntọ́lá, bàbá tó bí Àrìnpé, kó sì sọ bóyá ó ṣì yẹ kí ẹnì kan máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Rọpárọsẹ̀ ti mú Bàbá ní apá òsì. Obìnrin ará Gáná kan tó ń jẹ́ Joanna ló ń wẹ̀ ẹ́, tó ń wọṣọ fún un, tó ń gbé e lọ gbé e bọ̀ láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, Medicaid, ètò ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe fún àwọn tí owó wọn kò tó, ló sì ń san owó Joanna. Bí nọ́ọ̀sì bá kọ ọ́ pé Bàbá lè dá ṣe nǹkan fúnra rẹ̀, wọn yóò gé wákàtí Joanna, wọ́n sì lè yọ ọ́ pátápátá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àfi kí Àrìnpé fi iṣẹ́ sílẹ̀, tàbí kí Bàbá máa dá wà nínú ilé, tàbí kí wọ́n gbé e lọ sí ilé àwọn arúgbó, láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Iṣẹ́ Àrìnpé fúnra rẹ̀ ni ìtọ́jú arúgbó. Ìyá òyìnbó kan ní Riverdale ló ń tọ́jú, owó tó ń gbà níbẹ̀ ni wọ́n fi ń san owó ilé tí wọ́n ń gbé ní Morris Heights. Ó ń tọ́jú ìyá oníyàá kó lè rí ibi tí bàbá tirẹ̀ yóò sùn. Báyé ṣe rí fún wọn nìyẹn, wọn kò sì ráhùn, kìkì pé kí wọ́n má tún wá já ìwọ̀nba tó kù mọ́ wọn lọ́wọ́.

Tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ ní pálọ̀. Wọ́n fi ààrẹ hàn níbi tó ti ń na ìka síwájú, lẹ́yìn náà wọ́n fi èrò tó kún òpópónà kan ní Manhattan hàn, tí wọ́n gbé páálí sókè pé kí ìjọba má fọwọ́ kan Medicaid. Oníròyìn ní àbá tí wọ́n fẹ́ fi gé owó náà ṣì ń lọ síwájú.

"Ọ̀rẹ́ yín ti dé o, Bàbá Démi," ni Àrìnpé wí. "Ẹ wá kí i. Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ ní Ọlọ́run ló gbé e dìde?"

Èsì tó ń dúró dè nìyẹn. Túbọ̀sún gbé kọ́ọ̀pù kalẹ̀. "Mi ò dìbò fún un o."

"Ẹ ò dìbò, ẹ gbàdúrà. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì yín dìde dúró, ẹ ń pàtẹ́wọ́. Mo wà níbẹ̀, ojú mi ló ṣe."

"Mo rò pé àwọn ọmọọ̀ta ló fẹ́ kó kúrò nílẹ̀ ni."

"Bàbá mi wá di ọmọọ̀ta."

Túbọ̀sún wo inú tíì rẹ̀. Nígbà tó tún gbé e sẹ́nu, ó ti tutù.

Démi, ọmọ wọn obìnrin tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, jáde láti yàrá pẹ̀lú páálí ńlá kan lábíyá. Ó wà lára àwọn èrò tó gba òpópónà lánàá, ohùn rẹ̀ sì ti há. Ó tẹ orúnkún díẹ̀ kí àwọn òbí rẹ̀. Kíá ni ìyá rẹ̀ rí páálí.

"Gbé e padà wọlé! Ṣé o fẹ́ kí nọ́ọ̀sì wá bá a níbí ni?"

"Mummy, it's legal."

"Legal! Àwọn tí wọ́n ń kó lójú títì, ṣé wọn ò mọ legal ni? Gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, jọ̀ọ́."

Démi jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí síbí, kò sì tíì rí ohun tí ìyá rẹ̀ máa ń bẹ̀rù nínú ọ̀rọ̀ ìjọba. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ bí ohùn ìyá rẹ̀ ṣe já ní ìparí ọ̀rọ̀, ó sì gbé páálí náà padà.

Kò pẹ́ tí Rashidat, aládùúgbò wọn tó ń gbé lókè orí wọn, kanlẹ̀kùn. Ó ní ẹ̀rọ ìlọta tí òun yá lòun wá dá padà, ṣùgbọ́n ìròyìn ló gbé wá.

"Ìyá Démi, ẹ káàárọ̀ o. Mo gbọ́ pé òní ni tiyín. Ẹ ṣọ́ra o! Ẹ rántí bàbá Sẹ̀nẹ̀gà tó wà ní ilé kejì? Wọ́n bi í pé ṣé ó lè se tíì fúnra rẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Tíì lásán o! Wọ́n gé wákàtí ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ kù bíńtín. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnì lọmọ ẹ̀ ti bá a nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé, omi gbígbóná ti dà sí i lára."

"Ṣó kú ni?" Túbọ̀sún bi í.

"Ó wà ní ọsibítù. Wọ́n tún ní lórí WhatsApp pé ẹni tí ará ilé ẹ̀ bá ń gba Medicaid, wọn ò ní fún un ní ìwé ìgbélùú mọ́."

"Irọ́ ni," Túbọ̀sún dáhùn.

"Èmi náà ní irọ́ ni," Rashidat wí, "ṣùgbọ́n mi ò sùn."

Nígbà tó lọ tán, Àrìnpé mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí yóò fi dín dòdò, ó ń gé e wẹ́wẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Démi ló dá a lábàá pé kí wọ́n kọ́ Bàbá ní ohun tí yóò sọ. Bàbá jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, Joanna ṣẹ̀ṣẹ̀ fá irùngbọ̀n fún un. Démi fa àga síwájú rẹ̀, ó gbé fóònù dání bí ẹni tó fẹ́ kọ nǹkan sílẹ̀.

"Grandpa, èmi ni nurse. How are you, Papa?"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"No, Grandpa. Ẹ sọ fún un pé ara yín ò yá."

Bàbá wò ó tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ta ni ara ẹ̀ ò yá?"

"Bàbá," Àrìnpé sọ láti ìdí iná, "òótọ́ ni kẹ́ ẹ sọ. Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ parọ́. Ẹsẹ̀ yín kan ò ṣiṣẹ́. Ọwọ́ yín kan ò ṣiṣẹ́. Ẹ ṣubú ní bàlùwẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ohun tí a fẹ́ kẹ́ ẹ sọ nìyẹn."

"Kí n jókòó níwájú àlejò, ẹni tí n kò rí rí, kí n máa ka àìsàn sí ara mi lórí?" Ẹ̀rín ti tán lójú Bàbá. "Èmi Akíntọ́lá? Bí dókítà bá bi mí, mà á sọ fún dókítà. Ẹni tó bá béèrè àlàáfíà mi, àlàáfíà ni mo máa fi dá a lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ ìwọ náà."

"Níbí yìí, Bàbá, tẹ́ ẹ bá ní ara yín le, wọ́n á gbà yín gbọ́!"

"Ó dáa kí wọ́n gbà mí gbọ́. Mi ò pa irọ́ rí."

Àrìnpé kọjú sí iná. Bó bá jẹ́ pé bàbá náà burú, tàbí pé ó ya aláìgbọràn, ìbá mọ bí òun yóò ṣe bá a jà. Ìwà rere tí Bàbá ní ló fẹ́ kó bá wọn.

Ìjà tó kù dá lórí aṣọ. Àrìnpé ti sọ fún Joanna pé síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò ilé ni kó wọ̀ fún Bàbá, kí nọ́ọ̀sì lè rí apá rẹ̀ tó ti rọ. Bàbá ní òun kò ní gba àlejò ní síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí wọ́n gbé bùbá àti ṣòkòtò funfun òun wá. Ó ní kí wọ́n gbé wọ́kà, irin tó máa ń dì mú tó bá fẹ́ rìn, kúrò ní pálọ̀, kí wọ́n sì lọ fọ aṣọ ibùsùn tó tọ̀ sí lóru, kí òórùn rẹ̀ má bàa wà nínú ilé. Nígbà tí Àrìnpé kọ̀, Bàbá kò jẹ oúnjẹ. Ó wo fèrèsé títí ògì rẹ̀ fi dì. Nígbà tó yá, Túbọ̀sún ló lọ gbé bùbá náà wá láìsọ ọ̀rọ̀ kan, Joanna sì di aṣọ ibùsùn sínú àpò, ó gbé e lọ sí ilé ìfọṣọ tó wà ní ìkángun òpópónà, kò sì tíì dé nígbà tí nọ́ọ̀sì kanlẹ̀kùn.

Bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ṣe bá ilé tó mọ́ tónítóní, tó ń ta sánsán dòdò, àti bàbá arúgbó kan tó wọ funfun balau, tó jókòó bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò. Christina lorúkọ rẹ̀, ọmọ Puerto Rico ni, tí wọ́n bí sí Bronx níbẹ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Ì bá rọrùn fún gbogbo wọn bó bá jẹ́ pé ó burú.

"Papa, báwo ni ara yín?" ó bi í ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara ni Bàbá fi dá a lóhùn. "Ara mi le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àwọn ará ilé rẹ ńkọ́? Ṣé àwọn òbí rẹ wà láàyè?"

"Màmá mi wà."

"Ọlọ́run yóò dá a sí fún ọ. Ẹ fún un lóúnjẹ."

Christina rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé dòdò àti omi fún un, ó mú ẹyọ kan jẹ, ó ní ó dùn. Lẹ́yìn náà ló ṣí tábúlẹ́ẹ̀tì tó gbé lọ́wọ́, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó fi ń kọ ìdáhùn. Àrìnpé jókòó sí etí àga, kò fi ẹ̀yìn tì.

"Ṣé ẹ máa ń wẹ̀ déédéé?"

"Lójoojúmọ́ ni mò ń wẹ̀."

"Ta ló ń wọ aṣọ fún yín?"

Bàbá fi ọwọ́ ọ̀tún gbọn ọrùn bùbá rẹ̀. "Ìwọ náà wò mí. Ṣé mo jọ ẹni tí kò mọ aṣọ wọ̀?"

"Ẹ jọ ọba," Christina wí, ó sì tẹ nǹkan.

"Ma'am, please," Àrìnpé bẹ̀rẹ̀, "it's the aide wey dey…"

Christina gbé ìka kan sókè pẹ̀lú sùúrù. Ó ní kí Àrìnpé máà bínú, pé ẹnu Bàbá fúnra rẹ̀ ni wọ́n ní kí òun ti gbọ́ ọ, pé wọ́n ti le mọ́ àwọn lórí èyí báyìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó yíjú padà. "Papa, ṣé ẹ ti ṣubú láìpẹ́ yìí?"

"Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí n ṣubú."

"Grandpa!" Démi kígbe.

Bàbá wò ó. Démi sọ orí kọ́. Christina tún tẹ nǹkan. Àrìnpé gbọ́ ìró ìka obìnrin náà lára gíláàsì, ìró kékeré tí kò ju ti kòkòrò lọ. Ó rí ojú Túbọ̀sún láti òdìkejì pálọ̀. Ojú ọkùnrin náà pọ́n, kì í ṣe ti àìsùn nìkan.

Nígbà tí Christina dìde, ó ní òun dúpẹ́, òun gbádùn ìjókòó náà. Bàbá ní kó dúró. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún ti apá àga, ó mí kanlẹ̀, ó sì dìde.

Bàbá kò jẹ́ kí àlejò dá jáde nílé rẹ̀ rí. Àrìnpé mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré, síbẹ̀ kò wá sí i lọ́kàn pé òní náà lè wà lára rẹ̀. Ó fò dìde. "Bàbá, ẹ jókòó!"

"Mo fẹ́ sin àlejò mi."

Ó gbé ọwọ́ lé èjìká Christina bí ẹni pé òun ló ń mú un lọ, ó sì ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì tẹ̀lé ọ̀tún. Ìfẹ́ ni Christina pe ọwọ́ náà, ó sì rọra ń rìn, ó ń rẹ́rìn-ín sí i. Wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àrìnpé, Túbọ̀sún àti Démi tẹ̀lé wọn, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kan Bàbá, nítorí ojú tó fi wò wọ́n nígbà tí Túbọ̀sún kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. Wọ́n dé ẹnu ẹlifétọ̀, wọ́n dúró, ẹlifétọ̀ kò sì tètè dé.

"Ẹ ń ṣe dáadáa gan-an, Papa," Christina wí. "Màmá tèmi ò lè rìn tó báyìí. Medicaid lòun náà ní. Ẹ̀rù ń bà á, kì í pa tẹlifíṣọ̀n."

"Bá mi kí i. Sọ fún un pé kó má bẹ̀rù."

Ilẹ̀kùn ẹlifétọ̀ ṣí, Christina wọlé, ó juwọ́. Bàbá juwọ́ padà. Ilẹ̀kùn pa dé.

Bàbá kò yí padà. Ó dúró síbẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ara ògiri.

"Àrìnpé, ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí, sà."

"Wá mú mi. Mi ò mọ ibi tí ẹsẹ̀ mi wà mọ́."

Kí Àrìnpé àti Túbọ̀sún tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, orúnkún rẹ̀ ti yẹ̀. Wọ́n gbá a mú, gbogbo wọn sì jọ rọra bá ògiri dé ilẹ̀. Ṣòkòtò funfun náà bẹ̀rẹ̀ sí í tutù láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ìtọ̀ sì ṣàn lọ sórí táìlì ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Démi ti sáré dé ẹnu àtẹ̀gùn, ó di ilẹ̀kùn rẹ̀ mú.

"Mummy, ṣé kí n pè é?"

"Má pè é." Ohùn Bàbá ti lọ sílẹ̀. "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ má jẹ́ kí ọmọbìnrin yẹn rí mi báyìí."

Túbọ̀sún wo ìyàwó rẹ̀. Démi wo ìyá rẹ̀. Àrìnpé ti ń tú ìró ìdí rẹ̀, kó fi nu bàbá rẹ̀, kó fi nu ilẹ̀, nítorí ohun tí ọwọ́ ọmọ máa ń ṣe nìyẹn kó tó ro nǹkan kan. Ọwọ́ rẹ̀ dé etí ìró, ó sì dúró. Bí ó bá nù ún, kò ní sí nǹkan kan tí nọ́ọ̀sì yóò rí. Irú ìlú wo nìyí, tí ènìyàn gbọ́dọ̀ fi ìtìjú bàbá rẹ̀ ṣe ẹ̀rí kí wọ́n tó fún un ní ẹni tí yóò wẹ̀ ẹ́? Ó tún ìró rẹ̀ so.

"Démi," ó wí, "sáré. Pè é padà wá."

Ẹsẹ̀ ọmọ náà dún lọ sí ìsàlẹ̀. Bàbá wo Àrìnpé bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, lẹ́yìn náà ó yíjú sí ògiri. Túbọ̀sún bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fẹ́ fi bo ẹsẹ̀ Bàbá. Àrìnpé di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó mi orí. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀. Lókè, ẹnì kan ṣílẹ̀kùn, ó sì rọra tì í padà.

Àtẹ̀gùn ni Christina gbà gòkè, ó ń mí gúlegúle. Ó wo ilẹ̀, ó wo Bàbá, ó wo Àrìnpé, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sí ibi tó gbẹ.

"Papa," ó wí, "mo fẹ́ tún bi yín. Ṣé ẹ lè dìde fúnra yín?"

Ògiri ni Bàbá sọ èsì rẹ̀ fún, ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó já gaara.

"Mi ò lè dìde. Mi ò lè wọ aṣọ. Obìnrin Gáná kan ló ń wẹ̀ mí bí ọmọ ọwọ́. Mo ṣubú lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì máa ń tọ̀ sára lóru."

Christina ń tẹ ẹ́ bó ṣe ń sọ ọ́. Ó sọ fún Àrìnpé ní ohùn kẹ́lẹ́ pé òun yóò kọ gbogbo rẹ̀, pé òun kò mọ ohun tí àwọn tó wà lókè yóò fi ṣe, nítorí òfin ń yí padà, àwọn náà kò sì mọ ibi tó ń lọ. Gbólóhùn tí Àrìnpé ti ń bẹ Bàbá láti àárọ̀ kó sọ ló sọ tán yìí. Ó dà bí ẹni pé wọ́n túfọ̀ fún un. Ó jókòó sínú omi náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ó ń sunkún láìgbé ohùn jáde.

"Àrìnpé," Bàbá wí ní Yorùbá, kò tíì yíjú. "Ṣó ti kọ ọ́?"

"Ó ti kọ ọ́, sà."

"Ó dáa. Wá nù mí."